Àwọn Àṣìṣe Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Rí Fọ́tò Ìbàdàn Tí Ẹ Gbé Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ wo iye fóònù tó máa ń nà sókè lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, tàbí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi Olúbàdàn jẹ ní Mápó. Kò yẹ kí fọ́tò irú ìlú bẹ́ẹ̀ wọ́n ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá fọ́tò Ọjà Òjé tó lè fi sínú iṣẹ́ rẹ̀ láìbẹ̀rù lè wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fọ́tò náà wà o. Ó wà nínú fóònù ẹnìkan, tàbí nínú gúrúùpù Facebook tí wọ́n tì pa, tí Google ò lè dé. Èyí tó dùn mí jù ni èyí tó ti wà lórí Wikimedia Commons, níbi tí gbogbo ayé ti lè mú un lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ pè é ní “Ibadan 7”, tí kò sì kọ nǹkan kan tì í.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2004 ni Commons ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Wikipedia gbogbo èdè ti ń mú àwòrán, títí kan Wikipedia Yorùbá tiwa tí àyọkà rẹ̀ ti lé ní 30,000. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá gbé síbẹ̀ dáadáa lè wà nínú àyọkà Yorùbá, Haúsá, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú tèmi, iṣẹ́ fọ́tò ò tíì parí lọ́jọ́ tí ẹ gbé e sókè. Ọjọ́ tí àlejò tí kò mọ̀ yín rí bá wá a tó rí i, tó mọ ohun tó ń wò, tó sì mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó, ọjọ́ náà ló parí. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín, ohun tí wọ́n ń dí lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ má fi fọ́tò sílẹ̀ láìlórúkọ gidi

Fọ́tò tó ń jẹ́ “IMG_4471” tàbí “Ibadan 7” dà bí ẹrù wébílì tí wọ́n já sílẹ̀ ní gáréèjì Ìwó Road láìkọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i lára: ẹrù dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á? Commons fúnra rẹ̀ kì í gba irú orúkọ tí káḿẹ́rà ń fún fọ́tò, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn ènìyàn kàn ń sáré fi “Ibadan” àti nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó wà nínú fọ́tò, ibi tó wà, àti ọdún tí ẹ yà á. “Aláṣọ òfì ní Ọjà Òjé, Ìbàdàn, 2024” tó. Ẹ má kọ “Ẹwà ìlú wa” tàbí “Àṣà Yorùbá tó rẹwà”. Kò sẹ́ni tó máa tẹ ìyẹn nígbà tó bá ń wá ọjà.

Lẹ́yìn orúkọ fáìlì, àlàyé ló kàn, ibẹ̀ ni àyè wà láti sọ̀rọ̀. Ẹ rántí pé ohun kan lè ní orúkọ méjì mẹ́ta nílùú yìí. Ilé gogoro tó wà lórí Òkè Ààrẹ, ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe Resident, ìyẹn aṣojú wọn, ní Ìbàdàn. Bower's Tower ló ń jẹ́ nínú ìwé. Ọmọ Ìbàdàn ń pè é ní Layípo. Tó bá jẹ́ Bower's Tower nìkan lẹ kọ, ọmọ Bẹẹrẹ tó tẹ “Layipo” sórí fóònù rẹ̀ ò ní rí ohun tó wà lókè orí ilé rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ Layípo nìkan, ẹni tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Kánádà ò ní rí i. Ẹ kọ méjèèjì.

Bákan náà ni Ọjà'ba. Àwọn kan ń kọ Ojaba, àwọn kan Oja Oba, àwọn mìíràn Ọjà Ìba. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí èyí tó tọ̀nà, ẹ kó gbogbo wọn sínú àlàyé. Ẹni tó ń wá nǹkan ò tíì mọ èyí tó tọ̀nà, ìdí tó fi ń wá a nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún àmì tó dà bíi pé ó tọ̀nà

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí àwa Yorùbá nìkan àti àwọn díẹ̀ bíi wa ló ń bá, kò sì sí ẹni tó máa bá wa sọ ọ́.

Àṣìṣe kìíní ni pé kéèyàn fi ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀ inú Word rọ́pò àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Lójú, ó rí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn kì í ṣe ara lẹ́tà náà, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Bí ẹ bá ti dà á kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìlà á bọ́, lẹ́tà á ṣẹ́kù: “ọkọ” á di “oko”.

Èkejì tún fara pamọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ètò Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, àmì abẹ́ tó rí kóńkó bí ẹyin eèrà àti àmì abẹ́ tó dúró bí igi kékeré, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní: U+0323 ni ti àkọ́kọ́, U+0329 ni ti èkejì. Ojú wa kà wọ́n sí ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ò kà wọ́n bẹ́ẹ̀. Wikipedia àti Commons máa ń tún lẹ́tà tó ní àmì ohùn tò kó lè bára mu, ṣùgbọ́n ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn kì í sọ àmì igi di àmì kóńkó. Nítorí náà, àyọkà méjì lè wà lórí ohun kan ṣoṣo, kí ọ̀kan má mọ̀ pé èkejì wà. Ẹ mú èyí tó ní àmì kóńkó, torí òun ni bọ́tìnì Yorùbá orí Gboard àti ọ̀pọ̀ bọ́tìnì mìíràn ń tẹ̀. Bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ kọ láti inú ìwé tí ẹlòmíràn tẹ̀, ẹ tún un tẹ̀ fúnra yín.

Ẹ̀kẹta: àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n wá ní ó kúkú sàn kí àwọn pa àmì tì pátápátá. Rárá. Ẹ kọ àkọlé àyọkà pẹ̀lú àmì tó pé, kí ẹ wá ṣe ohun tí Wikipedia Yorùbá ń pè ní àtúnjúwe láti orí èyí tí kò ní àmì. Ẹni tó tẹ “Gbongan Mapo” á bá ara rẹ̀ lórí “Gbọ̀ngàn Mápó”. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, ó sì ń ṣe gbogbo ẹni tí bọ́tìnì fóònù rẹ̀ ò ní àmì lóore.

Ẹ má há ọ̀rọ̀ mọ́ inú àwòrán

A máa ń rí oríkì tí wọ́n kọ sórí káàdì aláwọ̀ mèremère: “Ìbàdàn Mẹ́sì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé”, títí dé ìsàlẹ̀. Ó dára láti wò. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè da ìlà kan kọ níbẹ̀, ẹ ò sì lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ríran, tí fóònù rẹ̀ ń ka ojú ìwé sí i létí, “àwòrán” nìkan ló máa gbọ́, oríkì gbogbo á sì kọjá lára rẹ̀. Ẹ tẹ oríkì náà síta bí ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ tó fi káàdì tì í bí ẹ bá fẹ́. Bí ẹ bá sì ń fi fọ́tò sínú àyọkà, àyè wà láti kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ojú rí níbẹ̀. Kíkọ “fọ́tò Mápó” nìkan kò sọ nǹkan kan. “Gbọ̀ngàn Mápó lókè, òpó ńláńlá níwájú rẹ̀” sọ̀rọ̀.

Ẹ má gbé ohun tí kì í ṣe tiyín

Pé fọ́tò wà lórí Google kò sọ pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Nínú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ Nàìjíríà ti 2022, ààbò wà lórí fọ́tò fún 50 ọdún lẹ́yìn tí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde bá parí. Kí èèyàn mú fọ́tò oníròyìn kan, kó gbé e sí Commons, kó wá mú “iṣẹ́ ọwọ́ mi ni”, irọ́ ni, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo fọ́tò mìíràn tí onítọ̀hún ti gbé wá, títí kan èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà.

Fọ́tò inú álúbọ́ọ̀mù bàbá wa àgbà náà nílò ìṣọ́ra. Níní ìwé fọ́tò lọ́wọ́ yàtọ̀ sí níní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Bí ẹni tó yà á bá ṣì wà láàyè, òun gan-an ló máa fi ìméèlì ránṣẹ́ sí àwọn olùyọ̀ǹda tó ń gba ìwé àṣẹ fún Commons, kó sọ pé òun fọwọ́ sí i.

Àṣìṣe mìíràn wà tí inú rere ń fà. Ẹnìkan á fẹ́ fi fọ́tò rẹ̀ tọrẹ, á wá mú ìwé àṣẹ Creative Commons (ìwé àṣẹ tó ń sọ bí ẹlòmíràn ṣe lè lo iṣẹ́ ẹni) tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ṣòwò, tàbí kí wọ́n má yí i padà. Commons kì í gba irú rẹ̀. Mo mọ ẹ̀rù tó wà nídìí rẹ̀, ẹ̀rù pé ẹlòmíràn á fi iṣẹ́ ẹni jẹun. Ṣùgbọ́n atẹ̀wé tó ń ṣe ìwé kíkà fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó sì ń tà á, oníṣòwò lòun náà. Tí ẹ bá dènà rẹ̀, ọmọ ilé-ìwé lẹ dènà. Ẹ mú CC BY-SA: ẹnikẹ́ni lè lò ó, àní kó tà á, bó bá ti dárúkọ yín, tó sì fi iṣẹ́ tó bá yọ láti ara rẹ̀ sábẹ́ ìwé àṣẹ kan náà. Orúkọ yín, àyè tó ń jẹ́ ti ẹni tó yà á ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ má kọ ọ́ gàdàgbà sójú fọ́tò, torí kò sí olóòtú tó fẹ́ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nínú àyọkà.

Ẹ má gba fọ́tò lórí WhatsApp bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́ lójoojúmọ́

WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, á sì bọ́ ọjọ́, ibi àti irú káḿẹ́rà tó wà lára rẹ̀ dànù. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kó lè dé bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ inú ilé ẹnìkan ni wọ́n ti yà á, ẹ yọ àmì ibi kúrò kí ẹ tó gbé e síta.

Ẹ má sì sọ fọ́tò di kékeré kí ẹ tó gbé e sókè nítorí pé ẹ ń ro dátà àwọn tó máa wò ó. Commons á fúnra rẹ̀ ṣe èyí tó kéré fún ojú fóònù. Ẹni tó ń ka àyọkà ní Mókọ́lá kò ní fi dátà gba èyí tó tóbi àfi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú “Ibadan”

Orí Commons ní ẹ̀ka lábẹ́ ẹ̀ka. Cocoa House ní Dúgbẹ̀, ilé àjà 26 tí wọ́n parí ní 1965, kò yẹ kí fọ́tò rẹ̀ máa jókòó sí ẹ̀ka ìlú Ìbàdàn lápapọ̀ láàárín fọ́tò ọkọ̀, oúnjẹ àti ìgbéyàwó. Ẹ fi í sí ẹ̀ka ilé náà gan-an. Ẹ̀ka yẹn ti wà lábẹ́ Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní láti fi í sí méjèèjì.

Ẹ̀ka orí Commons, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀nà tó gbé Yorùbá dé ibẹ̀ ni Wikidata, ibi tí wọ́n ń kó orúkọ àti ìsọfúnni nípa ohun kọ̀ọ̀kan sí ní onírúurú èdè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Láti 2019 ni àyè ti wà lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ ohun náà lórí Wikidata. Bí ẹ bá fi orúkọ Yorùbá kún ohun náà níbẹ̀, tí ẹ kọ “Layípo” sí ojú ilé gogoro Òkè Ààrẹ gẹ́gẹ́ bí orúkọ mìíràn, gbogbo fọ́tò tí wọ́n bá so mọ́ ọn, ì báà jẹ́ ará Jámánì ló yà á, á máa tọ́ka sí ohun tó ní orúkọ Yorùbá. Mi ò mọ iṣẹ́ kékeré mìíràn tó lérè tó èyí, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ènìyàn máa ń fò ó.

Fún fọ́tò àtijọ́, ẹ má kọ ọjọ́ tí ẹ sikáànì rẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ náà ni wọ́n yà á. Ẹ yí i padà, kí ẹ sikáànì ẹ̀yìn rẹ̀ náà, nítorí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àti ọdún sí. Bí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé e tọ àgbà agbo ilé náà lọ nísinsìnyí tí ìyá tàbí bàbá kan ṣì lè fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé lágbájá rèé.

Fọ́tò tí ẹ ti gbé sókè tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn àṣìṣe yìí ṣì ṣeé tún ṣe. Ẹnikẹ́ni lè fi àlàyé, ẹ̀ka àti àkọlé Yorùbá kún un nígbàkígbà, kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó gbé e wá. Orúkọ fáìlì nìkan ni ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún kí àwọn tó láṣẹ yí i padà. Nígbà tí wọ́n bá yí i, wọ́n máa ń fi àtúnjúwe sílẹ̀ lórí orúkọ àtijọ́, kí àyọkà tó ti ń lò ó má bàa sọ fọ́tò rẹ̀ nù.