Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ra Àkókò Lórí Rédíò l'Ékòó, Ẹ Dákun

Lọ́dún yìí nìkan, sọ̀rọ̀sọ́rọ̀ mẹ́ta tí mo mọ̀ ló ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí rédíò ìjọba l'Ékòó, tí owó sì tán lọ́wọ́ wọn kí oṣù kejì tó pé. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí. Àwọn àṣìṣe tó ń kó bá yín rèé.

Èkíní: kí ẹ ra àkókò kí ẹ tó ní onípolówó. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ tún ń ṣe é.

Èkejì: ìpolówó àgbo tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Bí NBC, àjọ tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ rédíò, bá fìyà jẹ ilé iṣẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé.

Ẹ̀kẹta ni kíkí èèyàn. Háà! Atọ́kùn á kí ìyálọ́jà, á kí àwọn tó wà nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ l'Ọ́jọ́tà, á kí àna ẹni tó fún un ní àpò ìrẹsì, lẹ́yìn náà á wá ki ara rẹ̀. Gbogbo ìṣẹ́jú yẹn, owó lẹ fi rà á o!

Kì í ṣe pé mo mọ́ jù yín lọ. Nígbà tí mo ṣe ètò mi àkọ́kọ́, mo pe agbẹjọ́rò kan lórí òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni mo fi kí òkú mọ́ alààyè. Agbẹjọ́rò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ni ìròyìn aago mẹ́wàá bá wọlé. Ìròyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò ráyè sọ pé òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó fẹ́ gba ilé ní Àpápá ti lọ kò onílé lójú pé "wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò!" Onílé rẹ́rìn-ín, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíì. Èmi ni ọkùnrin náà ń pè láràárọ̀ fún oṣù kan gbáko.

Mélòó ni mo ti kà ná? Ó yá, fóònù. Asọ̀rọ̀mágbèsì làwọn bàbá wa ń pe rédíò, torí kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ẹ̀yin ní fóònù níwájú, ẹ ṣì ń dá nìkan rojọ́. Ẹ ní kí olùgbọ́ yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá panu mọ́.

Ètò mi ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni méjì péré ni mo máa kí lónìí, ọkùnrin Àpápá yẹn sì ni ọ̀kan.