Fláàṣì kan tó fún gbogbo iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà
Ẹ̀yin tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ yé fọ́máàtì fláàṣì nítorí ISO (odindi dísìkì tí wọ́n kó sínú fáìlì kan) kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi Ventoy, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tàn láti orí fláàṣì, sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo (ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò o, gbogbo rẹ̀ ló máa pa rẹ́), kí ẹ wá máa da ISO sínú rẹ̀ bí ẹni da orin: SystemRescue (fún àtúnṣe), Clonezilla (fún ṣíṣe ẹ̀dà dísìkì), èyí tó bá wù yín. Kò sí pé à ń tú ISO palẹ̀. Láti inú fáìlì náà gan-an ni Ventoy ti ń gbé e dìde, ẹ ó kàn mú èyí tí ẹ fẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ bí BitLocker (ètò Windows tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti dísìkì) bá ti ti dísìkì oníbàárà pa, tí kò sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ò ní rí fáìlì kankan kó jáde.