Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíka ìwé ìròyìn ayé ogun

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní Adó-Èkìtì tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ìpalára tí ogun ń ṣe fún ọkàn ọmọ ogun sábà máa ń wo ojú ẹnìkan nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ère Adékúnlé Fájuyì tí ó wà ní Adó kò lè sọ ohun tí ojú ọ̀gágun náà rí ní Kóńgò; ohun tí àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ fẹ́ kí a rántí ni ó ń sọ.

Ẹ wo ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó wà nínú LIFE, ìwé ìròyìn alápèjúwe ti Amẹ́ríkà, ti ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, ọdún 1945, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Akoto wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rangandan, síbẹ̀ kò jọ pé ó ń rí ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà ni wọ́n fi yà á. Tom Lea, ayàwòrán tí ó bá wọn dé ojú ogun Peleliu, erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944, ni ó yà á lẹ́yìn tí ó padà sílé. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹni tí ó ń wòran ni, kì í ṣe ti ẹni tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ má sì fi PTSD, orúkọ tí àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1980 fún ìpalára ọkàn irú èyí, pe ohun tí ẹ rí lójú ọmọ ogun náà.

Ẹ má gbàgbé ọwọ́ ìjọba. Fọ́tò tí George Strock yà, níbi tí òkú ọmọ ogun Amẹ́ríkà mẹ́ta wà ní etíkun Buna ní New Guinea, wà lọ́wọ́ àwọn tí ń yẹ ìròyìn wò fún ọ̀pọ̀ oṣù kí LIFE tó gbé e jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1943, a kò sì rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nítorí náà, bí ìwé ìròyìn ọdún 1942 bá kún fún ẹ̀rín, ẹ̀rín náà kò tó ẹ̀rí. Ní Vietnam, tí àyẹ̀wò kò ti le tó bẹ́ẹ̀, LIFE ti oṣù Kẹrin ọdún 1965 fi ọmọ ogun kan hàn tí ó tẹrí ba, tí ó ń sunkún.

Àṣìṣe tí ó dùn mí jù ni pé kí a rò pé ẹni tí kò sí nínú àwòrán kò jìyà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ìpín ọmọ ogun 81 àti 82 tí ó jà ní Bọ́mà. Bí ẹ bá rí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ wọn ní ìlú yín, ẹ bi wọ́n bí bàbá ṣe ń sùn lóru kí ẹ tó bèèrè àmì-ẹ̀yẹ, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó dáhùn àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sílẹ̀.