Ẹ ṣọ́ òjìji tó ń bọ́ sórí sólà yín

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo sólà yín ní aago 8 àárọ̀, ní ọ̀sán, àti ní aago 4. Ẹ̀ka máńgòrò kan ṣoṣo ló ń jẹ iná mi mọ́ mi lọ́wọ́. Òjìji rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ! Bí a bá so páánẹ̀lì 2 tẹ̀ léra lórí wáyà kan, èyí tí òjìji bò lè dí èkejì lọ́nà, bí ìgbà tí èèyàn tẹ rọ́bà omi mọ́lẹ̀. Ojú ibẹ̀ tún lè gbóná débi tí yóò fi bàjẹ́. Ẹ gé ẹ̀ka náà. Bó bá jẹ́ igi aládùúgbò, ẹ ní kí oníná tún páánẹ̀lì méjèèjì so, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gátíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù, bí fóltéèjì (agbára tó ń ti iná) páánẹ̀lì kan bá ti tó láti gba bátìrì yín lágbára.