Ẹ Má Fi Ojú Àkúrẹ́ Wọn Èkó: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ibi Tí Ẹ Máa Dé Sí Pẹ̀lú Ọmọ

Tí iléèwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn báyìí, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Àkúrẹ́ á máa palẹ̀ Èkó mọ́. Wọ́n á ti mọ mọ́tò tí wọ́n máa wọ̀, wọ́n á ti mọ aṣọ tí ọmọ máa fi ya fọ́tò létí òkun. Ibi tí wọ́n máa sùn ni wọ́n ń fi sílẹ̀ di ọjọ́ tó kù ọ̀la, tí wọ́n á wá fi ìkánjú mú u. Ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù.

Àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù ni pé ojú Àkúrẹ́ la fi ń wọn Èkó. Ẹni tó ń gbé ní Ìjàpọ̀ lè jí lọ ra iṣu ní Ọjà Ọba, kó yà sí Alágbàkà, kó sì tún délé se oúnjẹ ọ̀sán. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti ní òtẹ́ẹ̀lì náà "wà l'Ékòó," ó ti tán lójú wa. Kò tíì tán o. Agége, Èkó ni. Àjáh, Èkó ni. Ìkòròdú àti Àgbádárìgì náà, Èkó ni. Ọ̀sà ló wà láàárín, afárá mẹ́ta péré ló sì so Mainland mọ́ Lagos Island: Carter, Eko àti Third Mainland. Third Mainland yìí gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kíá lẹ máa kọjá. Ẹ wá débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń sunkún pé òun fẹ́ tọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó béèrè owó yàrá. Tó bá jẹ́ torí Lekki Conservation Centre lẹ ṣe ń lọ, níbi tí ọmọ ti lè rìn lórí afárá tí wọ́n so sókè láàárín igi (mítà 401 ni, ó sì ń mì, ẹ jẹ́ kí màmá àgbà dúró nísàlẹ̀), tẹ́ ẹ sì tún fẹ́ dé etí òkun, ẹ sùn sí apá Lẹ́kkí. Kódà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé mọ́tò yín, kò pọn dandan kẹ́ ẹ wọ Mainland rárá: láti Ọ̀rẹ̀, ẹ yà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gba Ẹ̀pẹ́, ẹ ó já sí Àjáh. Tó bá jẹ́ National Museum ní Oníkan àti John Randle Centre, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tó wà nítòsí rẹ̀, lẹ fẹ́ fi han àwọn ọmọ, Súrùlérè dáa. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2023 ń ti Mile 2 lọ sí Marina ní Lagos Island, níbi tí Oníkan náà wà, ó sì ń dúró ní Ìgànmú, tí kò jìnnà sí Súrùlérè. Ó ń gba orí omi kọjá, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gosiló. Ẹ ṣáà ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ náà. Red Line tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 ń ti Àgbàdo lọ sí Ọ̀yìngbò, ó ń dúró ní Ìkẹjà, àmọ́ kì í kọjá omi. Kò sí èyí tó ń dé Lẹ́kkí nínú méjèèjì.

Ẹ ti rí i báyìí ìdí tí yàrá olówó pọ́ọ́kú ní Ìkòròdú fi lè wọ́n ju ti Lẹ́kkí lọ. Owó Bolt ní àlọ àti àbọ̀, lójoojúmọ́, ẹ rò ó mọ́ owó yàrá kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ rí ọ̀pọ̀.

Ilé ẹbí ńkọ́? Kò sóhun tó burú nínú ká dé sílé ẹbí. Ohun tó burú ni ká gbọ́ "Ẹ máa bọ̀, ṣé ilé yín kọ́ ni?" lórí fóònù, ká sì kó èèyàn mẹ́fà dìde. Àbúrò wo ló máa sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má wá? Ẹ̀yin lẹ máa wádìí. Ẹ wo ilé àǹtí kan tó ń gbé ní Ìyànà-Ìpájà, tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Victoria Island. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, iná á ti tàn ní pálọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tẹ́ní síbẹ̀ á sì dìde ká ẹní, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ balùwẹ̀. Omi tí wọ́n rà lọ́wọ́ mẹruwà, tó yẹ kó lo ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọ yín á fi wẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àǹtí ò ní sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kẹ́ ẹ sùn síbòmíì, kẹ́ ẹ gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àkúrẹ́ lọ kí wọn lọ́jọ́ Àìkú, kẹ́ ẹ jọ jẹun, kẹ́ ẹ jọ ṣeré. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀, ẹ fi owó oúnjẹ àti omi ránṣẹ́ ṣáájú.

Ti shortlet, ìyẹn ilé tí wọ́n ń yáni gbé fún ọjọ́ díẹ̀, ló gba ìbéèrè jù. Èèyàn á pe èjẹ́ńtì: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná wà?" Òun náà á dáhùn: "Iná wà dáadáa, mà." Ìdáhùn yẹn ò wúlò. Ẹ bi í pé: "Tí NEPA bá mú iná lọ, aago mélòó lẹ ń tan jẹnẹrétọ̀, aago mélòó lẹ ń pa á? Ṣé ó ń gbé ẹ́ẹ̀sì?" Ibòmíì wà tí wọ́n ń pa á láàárín òru, fèrèsé yàrá ò sì ṣeé ṣí dáadáa, ẹ̀yin lẹ máa fi páálí fẹ́ ọmọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ béèrè àjà tó wà, torí fọ́tò kì í fi àtẹ̀gùn hàn, eékún màmá àgbà ló sì máa sọ ìyókù. Ẹ béèrè iye èèyàn tí wọ́n ń gbà, kí mégáàdì má lọ máa ka orí yín lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá sì ya fọ́tò tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, tí kò ya balùwẹ̀ kankan, ó nídìí.

Ẹ má sanwó torí fọ́tò nìkan. Kí èjẹ́ńtì pè yín lórí fídíò WhatsApp látinú ilé náà, kó ṣí ẹ̀rọ omi kẹ́ ẹ rí i. Tẹ́ ẹ bá lẹ́ni l'Ékòó tó lè yọjú síbẹ̀, ìyẹn ló dáa jù. Owó tí wọ́n ń dì mú nítorí ohun tó lè bàjẹ́ náà, ẹ gba ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà ní àkọsílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya fídíò gbogbo ilé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, pàápàá àga tó ti lábàwọ́n tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ àsìkò òjò, ẹ béèrè bóyá omi ń gba àdúgbò náà. Àwọn òpópónà kan ní Lẹ́kkí máa ń kún. Tó bá jẹ́ December, owó ilé á ti gbẹ́nu sókè, ẹ tètè mú u.

Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì àti shortlet kì í gbàlejò kó tó di aago méjì ọ̀sán, aago méjìlá ni wọ́n sì ń ní kéèyàn jáde. Ẹni tó bá gbéra ní Àkúrẹ́ ní ìdájí lè tètè dé, kó wá jókòó ti ẹrù lẹ́nu géètì. Ẹ pè wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bóyá wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ẹrù sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ wá oúnjẹ jẹ.