Ẹ má jẹ́ kí oòrùn ba ìgbafẹ́ yín jẹ́
Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ lásìkò ooru yìí, ẹ tètè débẹ̀, kí ẹ fi eré ìta ṣáájú. Láti aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń mú jù. Eré inú ilé ló yẹ nígbà yẹn. Ẹ máa tún ìpara adènà oòrùn, SPF 30 ó kéré tán (SPF ni nọ́ńbà ara ike rẹ̀ tó ń sọ bó ṣe lágbára tó), fi para ní wákàtí méjìméjì, pàápàá tí ẹ bá ti eré omi jáde (oòrùn ń jó aláwọ̀ dúdú náà o, ẹ má tan ara yín). Aṣọ ìnura kékeré tí ẹ rẹ sómi, tí ẹ fi kọ́rùn, tù mí lára ju abẹ̀bẹ̀ lọ. Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó dé. Bí ooru bá mú ọmọ débi tí kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì pe elétò ìlera kíákíá.