Bí nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣe gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi

Owó dátà tí mo rò pé kò ní ju ₦9,000 lọ di ₦18,000, iṣẹ́ ọjọ́ méjì sì di ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ nítorí nọ́ńbà kan, 403625, tí mo kọ síbi tí kò yẹ. Iṣẹ́ àṣekágbá másítà mi ni, ní ẹ̀ka tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ka jíìnì àwọn ohun ẹlẹ́mìí, Plasmodium falciparum tó ń fa ibà ni mo sì yàn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju èyí lọ: láti ìgbà tí Nàìjíríà ti fi àwọn oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú wọn rọ́pò chloroquine ní 2005, ṣé àyípadà tí chloroquine kò fi ràn kòkòrò náà mọ́ ṣì wà lára rẹ̀?

Kíkó dátà jọ kò gba àlàyé. Pf7, àkójọ dátà jíìnì kòkòrò náà tí MalariaGEN, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ibà lágbàáyé, gbé jáde ní 2023, wà fún gbogbo ènìyàn, àyẹ̀wò tó lé ní 20,000 láti orílẹ̀-èdè 33 ló wà nínú rẹ̀. Krómósóòmù (okùn tí jíìnì wà lórí rẹ̀) keje nìkan ni mo mú nínú mẹ́rìnlá tí kòkòrò náà ní, nítorí ibẹ̀ ni pfcrt wà, jíìnì tí àyípadà náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni íntánẹ́ẹ̀tì já mọ́ mi lọ́wọ́, tí mo sì tún un bẹ̀rẹ̀, láìmọ̀ pé -c lásán tí mo bá fi kún wget, àṣẹ tí mo fi ń gba fáìlì, ni ì bá jẹ́ kó tẹ̀síwájú láti ibi tó dé.

Àyípadà tí mo ń wá kò ju lẹ́tà kan lọ: ní ipò 403625, A yóò ti di C, kóòdù 76 (lẹ́tà mẹ́ta tó ń tọ́ka sí ègé kan nínú purotéènì) tó jẹ́ AAA yóò wá di ACA, ègé náà, lysine, yóò sì di threonine. Mo ṣe fáìlì BED kékeré kan, irú èyí tí a ń to ipò jíìnì sí, láti fi han bcftools, ètò tó ń ṣa àyípadà jíìnì jáde, ibi tí yóò wò; mo kọ Pf3D7_07_v3 (orúkọ krómósóòmù keje), ìbẹ̀rẹ̀ 403625 àti òpin 403626 sínú rẹ̀. Òfo ló jáde. Kọ̀ǹpútà kò ráhùn, kò sọ pé mo ṣe àṣìṣe, ó kàn dákẹ́, èmi náà sì fi ayọ̀ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi pé àyípadà náà ti parẹ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tí ọ̀gá mi kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, “Ìwọ nìkan ni o rí èyí ní gbogbo Nàìjíríà, àbí?” Mo mọ̀ pé wọn kò yìn mí.

Mo fura sí gbogbo nǹkan àyàfi ara mi. Mo fi orúkọ krómósóòmù inú fáìlì kan wé ti èkejì, wọ́n bára mu. Mo ní bóyá fáìlì náà ló bàjẹ́, mo tún un gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, owó tún lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná ti lọ, tí bátìrì mi kò ju ìdá márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún, mo pa BED tì, mo ń fi ojú ara mi ka ìlà kọ̀ọ̀kan láti 403600. Ó wà níbẹ̀: 403625, A, C, 1/1, ìyẹn ni pé àyípadà náà wà. Láti òdo ni BED ti ń ka ipò, láti 1 ni VCF, irú fáìlì tí dátà Pf7 wà nínú rẹ̀, ti ń ka tirẹ̀, ìyẹn ni pé 403626 tí kò ní nǹkan kan nínú ni mo ti ń yẹ̀ wò láti ọjọ́ yìí wá. Mo yí i sí 403624 àti 403625, àwọn àyẹ̀wò Nàìjíríà tó ní àyípadà náà sì tò jáde. Wọ́n ti ṣàlàyé fún mi pé ìkà-láti-òdo ń mú kí ìyọkúrò rọrùn. Ó yé mi. Inú ṣì ń bí mi.

Ká ní mo ti kọ́kọ́ dán àṣẹ mi wò lára Dd2, ẹ̀yà inú yàrá ìwádìí tí gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ó ní àyípadà yẹn, ọjọ́ kìíní ni àṣírí ì bá ti tú.

Pátákó tí mo fi ṣàlàyé iṣẹ́ náà ló gbapò kìíní ní ẹ̀ka wa, n kò sì ní fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní kí n tún lọ wo kelch13, jíìnì tí wọ́n fi ń mọ̀ bí artemisinin kò bá ràn kòkòrò náà mọ́ dáadáa, lórí krómósóòmù kẹtàlá, kí oṣù tó parí. Krómósóòmù yẹn gùn tó ìlọ́po méjì keje. Mo ti ra dátà.